Ta Ló Ní Àjẹṣẹ́kù? Omíyalé Lọ́kọ́ja àti Ìwádìí Lórí Ọrọ̀ Inú Ilé

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń wọlé, ojú odò ni ojú àwọn ará Adankolo àti Ganaja ní Lọ́kọ́ja máa ń wà. Ẹni tó ní fíríìjì á ti máa wá búlọ́ọ̀kù tí yóò gbé e lé. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù á ti máa kó ọjà kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ní ẹbí ní Lokongoma, níbi tí ilẹ̀ ti ga, á ti máa ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun wá àyè fún fóòmù àti àpótí aṣọ. Bí omi bá wá dé lóòótọ́, ọkọ̀ ojú omi ni yóò máa rìn lójú ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ Màrúwà ń ná lánàá. Nígbà tó bá sì fà, ilà ẹrẹ̀ kan á kù lára ògiri, bákan náà ló máa ga láti ilé dé ilé.

Ilà yẹn kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ló mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, onílé kan á ti tún ògiri kùn, á ti gbé ìpìlẹ̀ sókè, á ti fi géètì tuntun síbẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá kan tó háyà lẹ́yìn ìlú, ó ń san gbèsè ọjà tí omi gbé lọ. Omi kan náà ló wọlé àwọn méjèèjì. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé owó oṣù kan náà ni wọ́n ń gbà.

Kí ló wá gbé ọ̀kan dìde, tó fi èkejì sílẹ̀? Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ti ń wádìí irú ìbéèrè yìí, ìdáhùn tí wọ́n sì ń rí kò sí nínú owó oṣù. Inú ọrọ̀ ló wà.

Ohun tó ń wọlé, ohun tó ń ṣẹ́ kù

Owó tó ń wọlé ni owó oṣù, èrè ọjà, owó ìfẹ̀yìntì, owó tí ọmọ fi ránṣẹ́. Ọrọ̀ ni ohun tí ilé kan ní lọ́wọ́ bí gbogbo ìwọ̀nyí bá tilẹ̀ dáwọ́ dúró lónìí: ilẹ̀, ilé, oko kaṣú, ọkọ̀, owó báńkì, ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, ewúrẹ́, wúrà. Wọ́n á ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á yọ gbèsè kúrò, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ọrọ̀ ilé náà.

Ọjọ́ pẹ́ tí Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún èrò yìí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n ń pe kọ́pùrétíìfù: ẹgbẹ́ àwọn tó jẹ, tí wọ́n sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ohun tó ń wọlé ni ènìyàn ń jẹ. Àjẹṣẹ́kù ni ọrọ̀. Ilé méjì lè máa jẹ irú oúnjẹ kan náà fún ogún ọdún, kí ọ̀kan ní ìpamọ́, kí èkejì má ní nǹkan kan. Ìyàtọ̀ náà kì í hàn nínú ọbẹ̀. Ọjọ́ tí àjálù bá dé ló ń hàn.

Àwọn òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Kogí ti rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láìsí omi. Láti 2016, fún ọdún bíi mélòó kan, ọ̀pọ̀ wọn, pàápàá olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kò rí owó oṣù wọn gbà lódindi. Ìdá kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń san fún wọn. Lórí ìwé, ipele kan náà ni olùkọ́ méjì wà. Ṣùgbọ́n èyí tó ń gbé ilé ara rẹ̀, tó ní oko lẹ́yìn ilé, fara da á. Èyí tó ń san owó ilé, tó sì jẹ ẹgbẹ́ lówó, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tó ní. Nígbà tí Kogí gbé owó oṣù tó kéré jù lọ dé 72,500 náírà ní 2024, owó kan náà ló kan àwọn méjèèjì, àmọ́ ibi tí wọ́n dúró sí kò dọ́gba mọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ìwé tó gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú gbogbo ènìyàn ni Black Wealth/White Wealth, tí Melvin Oliver àti Thomas Shapiro tẹ̀ jáde ní 1995. Wọ́n fi hàn pé níbi tí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun bá ti kàwé dọ́gba, tí owó iṣẹ́ wọn sì dọ́gba, ọrọ̀ wọn ṣì jìnnà síra. Aláwọ̀ funfun jogún ilé àti ilẹ̀. Òfin àti báńkì ló dènà aláwọ̀ dúdú láti ra irú rẹ̀ fún ìran mélòó kan. Àlàfo náà ṣì wà. Nínú ìṣirò tí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní 2022, bí wọ́n bá to àwọn ìdílé aláwọ̀ funfun láti orí ẹni tí kò ní dé orí ẹni tó ní jù, ìdílé tó wà láàárín gan-an ní 285,000 dọ́là. Ti aláwọ̀ dúdú ní 44,900.

Ìlú tó wà láàárín òkè àti odò

Ní Lọ́kọ́ja, ìtàn ọrọ̀ àti ìtàn ilẹ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Òkè Patti wà lẹ́yìn ìlú, Odò Ọya wà níwájú, Odò Bẹ́núè sì ń tú sínú rẹ̀ nítòsí. Ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín òkè àti omi ni ìlú jókòó lé. William Baikie, dókítà ará Scotland, dá ibùdó òwò sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1860. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, Frederick Lugard gbé àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè níbẹ̀, Lọ́kọ́ja sì di olú ìlú agbègbè Àríwá fún ìgbà díẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, odò ni ọ̀nà ọjà. Apẹja, ọlọ́kọ̀, oníṣòwò, alágbàrù, gbogbo wọn ń jẹun létí omi. Ẹni tó bá súnmọ́ odò ló súnmọ́ owó.

Nígbà tí ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991 látara Kwara àti Benue, ọ̀rọ̀ yí padà. Òṣìṣẹ́ ìjọba dé láti Kábà, láti Ìsánlú, láti Òkéné, láti Ìdàh. Ilẹ̀ tó ga di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá. Ẹni tó tètè rí owó, tàbí tó mọ ẹni tó ń pín ilẹ̀, kọ́lé síbi tí omi kò lè dé. Fún ẹni tó pẹ́ dé tàbí tí owó rẹ̀ kò tó, etí omi ló ṣeé gbé, nítorí ibẹ̀ ni ilé ti rọrùn láti háyà. Àwọn ọmọ apẹja àti àwọn ìdílé àtijọ́ ní Kabawa sì wà níbi tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Etí odò tó jẹ́ ọ̀nà ọlà fún baba ńlá ti di ibi tí ewu ti ń bá ọmọ-ọmọ.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 2012, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn odò ní Lọ́kọ́ja ka 12.84 mítà. Káàkiri Nàìjíríà lọ́dún náà, NEMA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àjálù, ka òkú 363, ènìyàn mílíọ̀nù 2.1 sì sá kúrò nílé. Wọ́n ṣírò ohun tó bàjẹ́ àti èrè tó sọnù sí bílíọ̀nù 16.9 dọ́là. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, omi tún dé. Kàmẹ́rúùnù bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi ìsédò Lagdo sílẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án 2022, ó bá òjò tó ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀ pàdé. Ó lé ní 600 ènìyàn tó kú ní Nàìjíríà, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan tó fi ilé sílẹ̀. Ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Abuja bọ́ sábẹ́ omi. Àwọn táńkà epo há sójú ọ̀nà, epo wọ́n ní Abuja. Báńkì Àgbáyé fojú díwọ̀n pé dúkìá tó bàjẹ́ lọ́dún náà tó bílíọ̀nù 6.68 dọ́là.

Iye bílíọ̀nù wọ̀nyí wúlò fún ìjọba, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ohun kan pa mọ́. Owó ni wọ́n ń kà, ohun olówó ló sì ń gba àyè púpọ̀ nínú owó. Ká ní ilé kan ní dúkìá 30 mílíọ̀nù náírà, omi sì ba mílíọ̀nù 3 jẹ́ nínú rẹ̀. Ká ní aládùúgbò rẹ̀, tó ń tajà ní ẹnu ọ̀nà, ní 500,000 náírà péré láyé, omi sì gbé 400,000 lọ. Nínú ìṣirò orílẹ̀-èdè, ti ọ̀gá ilé ńlá ló tóbi, ó ju ìlọ́po méje ti aládùúgbò lọ. Nínú ìgbésí ayé wọn, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ẹni àkọ́kọ́ pàdánù, ẹni kejì pàdánù ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún.

Nígbà tí àjálù bá sọ ẹlòmíràn di olówó

Ní 2018, Junia Howell àti James Elliott, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n lo àkọsílẹ̀ nǹkan bí 3,500 ìdílé tí wọ́n ti tẹ̀ lé láti 1999 dé 2013, wọ́n sì fi ọrọ̀ ìdílé kọ̀ọ̀kan wé iye tí ìjì, omíyalé àti iná ti bà jẹ́ ní agbègbè rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ yóò rò ni pé gbogbo ará agbègbè tí àjálù kàn á túbọ̀ tòṣì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn agbègbè tí ìbàjẹ́ ti tó bílíọ̀nù 10 dọ́là, ọrọ̀ ìdílé aláwọ̀ funfun lé sí i ní ìwọ̀n 126,000 dọ́là. Ti aláwọ̀ dúdú fi bíi 27,000 dín kù. Bákan náà ni onílé ń jàǹfààní níbi tí ayálégbé ti ń pàdánù. Èyí tó sì nira jù lọ láti gbọ́ ni pé níbi tí owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ ti pọ̀ jù, ibẹ̀ ni àlàfo ti fẹ̀ jù.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ìrànwọ́ náà ń tẹ̀ lé dúkìá. Ẹni tó ní ilé ni wọ́n ń fún lówó àtúnṣe. Ẹni tó ní ìwé ilé ni báńkì ń yá lówó. Ẹni tó ní ìwé ìbánigbófò ni iléeṣẹ́ ìbánigbófò ń san owó fún. Lẹ́yìn náà ìjọba á tún ọ̀nà ṣe, iye ilẹ̀ á gòkè, onílẹ̀ á jèrè. Owó ilé náà á gòkè, ayálégbé á kó jáde.

Lọ́kọ́ja kì í ṣe Amẹ́ríkà. Gbogbo owó ìbánigbófò Nàìjíríà kò tó ìdá 1 nínú 100 ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè, nítorí náà ìwọ̀nba onílé ló ní ìwé ìbánigbófò omíyalé. Síbẹ̀, ọ̀nà tí dúkìá fi ń fa dúkìá kò yàtọ̀ púpọ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àmójútó gómìnà, C of O, ìwé ẹ̀rí ìlò ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, ni báńkì sì ń bèèrè kó tó yá ènìyàn lówó ńlá. Ilé ẹbí tó ti wà létí odò kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ lè má ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Onílé rẹ̀ ní ilé, ṣùgbọ́n ilé náà kò lè sọ̀rọ̀ fún un ní báńkì. Ayálégbé tún wà lábẹ́ onítọ̀hún: nígbà tí omi bá fà, onílé ṣì ní ilẹ̀ tí ilé náà wà lórí rẹ̀, ayálégbé kò ní ju ohun tó bá rù jáde.

Bí wọ́n ṣe ń ka àwọn tálákà

Nàìjíríà ń ka òṣì ju bí ó ti ń ka ọrọ̀ lọ. Nínú ìwádìí ìgbé ayé tí Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè, NBS, ṣe láàárín 2018 àti 2019, ohun tí ènìyàn ń ná ni wọ́n wò. Ẹni tí ìnáwó rẹ̀ kò tó 137,430 náírà lọ́dún, nǹkan bíi 376 náírà lójúmọ́, ni wọ́n kà sí tálákà. Ìdá 40.1 nínú 100 àwọn ọmọ Nàìjíríà ló bọ́ sábẹ́ ìlà náà. Ní Kogí, ó jẹ́ ìdá 28.51, ní Èkó, 4.50, ní Sokoto, 87.73.

Ní 2022, àjọ kan náà yí ìbéèrè padà. Wọ́n lọ sí ilé tó lé ní 56,000, wọ́n bèèrè nípa ìlera, ẹ̀kọ́, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ohun èlò inú ilé àti iṣẹ́. Iye tálákà gòkè di ìdá 63 nínú 100, ìyẹn mílíọ̀nù 133 ènìyàn. Ondo ló kéré jù lọ, ìdá 27. Sokoto ló ga jù lọ, ìdá 91. Ìwádìí méjèèjì tọ̀nà. Èkínní ń bèèrè ohun tí ilé náà ń ná. Èkejì ń bèèrè ohun tí ilé náà ṣaláìní.

Ọ̀nà kẹta súnmọ́ ọrọ̀ ju méjèèjì lọ. Ní 2001, Deon Filmer àti Lant Pritchett, onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, dábàá pé níbi tí kò ti rọrùn láti mọ iye tí ènìyàn ń rí, kí wọ́n wo ohun tó ní: ṣé rédíò wà, fíríìjì, alùpùpù, ṣé sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ ilé àbí erùpẹ̀, níbo ni wọ́n ti ń pọnmi. Wọ́n á ṣírò gbogbo rẹ̀, wọ́n á pín àwọn ilé sí ìpele márùn-ún. Ìwádìí ìlera àwọn ìdílé tí Nàìjíríà ṣe ní 2018 lo ọ̀nà yìí, àbájáde rẹ̀ sì bani nínú jẹ́. Nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí sí ìpele tó tòṣì jù lọ, 173 ló kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Ní ìpele tó lówó jù lọ, 53 ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí náà ní ibi tí ojú rẹ̀ kò tó. Ó ń rí tẹlifíṣọ̀n, kò rí gbèsè tí wọ́n fi rà á. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìwádìí bá dé Ganaja lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé omíyalé, ó lè bá ilé méjì tí kò sí fíríìjì nínú èyíkéyìí, kó sì kọ wọ́n sí ìpele kan náà. Ọ̀kan nínú wọn ní púlọ́ọ̀tì méjì sí orí òkè. Èkejì kò ní nǹkan kan.

Ìyá, ọmọ àti ọkọ nínú ilé kan

Ohun mìíràn tó ń bọ́ lójú òṣìṣẹ́ ìwádìí ni inú ilé fúnra rẹ̀. "Ilé" ni wọ́n ń kà, bí ẹni pé àpò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Láàárín Yorùbá, títí kan àwọn Ọ̀wọ̀rọ̀ tí ilẹ̀ wọn yí Lọ́kọ́ja ká àti àwọn Okun yòókù ní Kogí, ìyàwó ní òwò tirẹ̀, ọkọ ní tirẹ̀. Bí omi bá wọ ṣọ́ọ̀bù, owó ìyàwó ló wọ̀. Bí ọkọ bá sì kú, àṣà kò ka opó mọ́ àwọn tó ń jogún. Ọmọ ló ń jogún bàbá.

Bí àwọn ọmọ ṣe ń pín in tún ń dá ìyàtọ̀ sílẹ̀. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyàwó mẹ́rin bí fún un sílẹ̀. Ṣé wọ́n máa pín ohun ìní rẹ̀ sọ́nà mẹ́rin, ní ìdí igi, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan, àbí sọ́nà mẹ́sàn-án, ní orí-ò-jorí? Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá a ní 1962 pé ìdí igi ni àṣà Yorùbá. Níbi tí wọ́n bá ti pín in bẹ́ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lè gba ìlọ́po mẹ́ta ohun tó kan ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí mẹ́ta. Bàbá kan náà ló bí wọn, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ayé kò dọ́gba.

Ní 1985, Sara Berry tẹ ìwé kan jáde nípa àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá àti àwọn ọmọ wọn, Fathers Work for Their Sons. Ó fi hàn bí èrè kòkó ṣe di owó ilé-ìwé, bí ilé-ìwé ṣe di iṣẹ́ ìlú, tí àwọn àgbẹ̀ sì ń fi owó gbin ènìyàn bí wọ́n ṣe ń gbin igi. Ọrọ̀ inú ènìyàn yìí ló ń gba ọ̀pọ̀ ilé ní Lọ́kọ́ja là. Ọmọ tó wà ní Abuja, ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù fi owó ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tí omi dé. Ẹni tí kò ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń wo owó àjọ tó ń dá.

Àjọ àti èèsú lágbára. William Bascom ti kọ̀wé nípa èèsú Yorùbá láti 1952 gẹ́gẹ́ bí ètò ìyánilówó tó dúró lórí ìgbẹ́kẹ̀lé. Ó dára fún ìsìnkú, fún ìkómọjáde, fún owó ilé-ìwé, torí pé wàhálà ẹnì kan kì í ṣe wàhálà gbogbo ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Omíyalé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ló wọlé gbogbo ará àdúgbò. Ẹni tó yẹ kó dá owó àti ẹni tó yẹ kó kó o, inú ọkọ̀ ojú omi kan náà ni wọ́n jọ jókòó sí.

Àwọn ìbéèrè tó yẹ kó wà nínú ìwé

Ohun tí yóò la ojú ìjọba kò ṣòro láti bèèrè. Nàìjíríà ti ní ìwádìí kan tó ń padà lọ bá àwọn ìdílé kan náà lẹ́yìn ọdún díẹ̀: NBS àti Báńkì Àgbáyé ti ń ṣe é láti 2010, nǹkan bí 5,000 ilé ni wọ́n mú káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n sì ń bèèrè nípa ilẹ̀, ohun ìní àti àjálù tó kàn wọ́n. Bí ẹ bá pín 5,000 káàkiri ìpínlẹ̀ 36 àti Abuja, ìwọ̀nba ló lè kan ìlú kan bíi Lọ́kọ́ja. Irú rẹ̀, tó máa mú àwọn ilé etí odò àti ti orí òkè láti Felele dé Ganaja, tó máa padà lọ bá wọn lọ́dọọdún, yóò sọ ohun tí iye bílíọ̀nù dọ́là kò lè sọ.

Ìbéèrè rẹ̀ kò pọ̀. Ta ló ni ilé yìí, ta ló sì ń háyà rẹ̀? Orúkọ ta ló wà nínú ìwé ilẹ̀? Kí ni ìyàwó ní lọ́tọ̀, kí ni ọkọ ní lọ́tọ̀? Èló ni gbèsè? Kí ni ẹ tà lẹ́yìn omi, èló sì ni ẹ tà á? Ìdáhùn wọ̀nyí ló yẹ kó pinnu ẹni tí ìrànwọ́ máa kọ́kọ́ kàn: ayálégbé tó pàdánù ọjà, opó tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan, kí ó tó kan ẹni tí pákó òrùlé rẹ̀ ṣí.

Ọ̀pá ìwọ̀n omi ṣì wà ní Lọ́kọ́ja, òṣìṣẹ́ sì ń lọ kà á, ní mítà àti ní sẹ̀ǹtímítà, láti sọ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò títí dé Bayelsa pé omi ń bọ̀. Kò jìnnà sí àwọn ilé Adankolo, níbi tí ilà ẹrẹ̀ 2022 ti wà lára ògiri, tí àwọn kan ti kùn ún bò, tí àwọn kan kò sì tíì rówó ọ̀dà.